Bí ẹ ṣe máa fún àwọn èèyàn yín nísinmi nínú RimWorld, tí wọn ò sì ní máa rìn gbéregbère

RimWorld ni géèmù kọ̀ǹpútà téèyàn ti ń bójú tó àwọn èèyàn abúlé kan. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe máa ń rí. Èèyàn 6 ló wà nínú abúlé yín, oúnjẹ ń tán lọ, ẹ bojú wo ẹ̀yìn ilé, ẹ rí èèyàn 2 tó ń rìn gbéregbère bí ẹni tó ń wá owó tó jábọ́. Inú bí yín. Ẹ lọ sí Schedule, ibi tí wọ́n ti ń ṣètò wákàtí wọn, ẹ fi Work (iṣẹ́) kún gbogbo àpótí 24 fún gbogbo wọn, ẹ ní wọ́n máa gbádùn ẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀, alásè yín ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sùn síbẹ̀ nínú òjò, ẹlòmíì ń fọ́ àga, àwọn 2 àkọ́kọ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń rìn gbéregbère.

Àbúrò mi kan gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ wá láti Kétu sí Àjàṣẹ́ nígbà ọlidé nítorí ẹ̀, kò tíì kí mi tán tó fi ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo àwọn ọ̀lẹ yìí". A jókòó tì í látàárọ̀ títí wọ́n fi múná lọ. Kò sí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀ o. Òun fúnra ẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, kò kàn mọ̀ ni. Ohun tá a ṣe lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò síbí, bó ṣe yẹ kó tẹ̀ léra.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

Séfù tẹ́ ẹ̀ ń gbá lọ́wọ́ ni o, kì í ṣe tuntun, torí inú èyí tó ti dàrú lèèyàn ti ń rí ẹ̀kọ́ kọ́. Kí ẹ kọ́kọ́ séfù ẹ̀ lórúkọ míì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ìwé àti bíírò. Bẹ́ẹ̀dì kan fún ẹnì kan, tábìlì tó ní àga, ohun ìṣeré kan ó kéré tán. Kẹ́ ẹ sì ní sùúrù ọjọ́ 2 inú géèmù: ọjọ́ kan tó bá ń lọ ní ìrìn jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 17 ni kò pé díẹ̀, nítorí náà bí ìdajì wákàtí ni gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ Faransé ni géèmù yín ń sọ, àyè kan náà ni gbogbo bọ́tìnnì wà, orúkọ nìkan ló yàtọ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sinmi yàtọ̀ sí ẹni tí kò ríṣẹ́

Ẹ dá géèmù dúró. Ẹ tẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì, ibẹ̀ ló ti máa sọ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Tó bá ní ó ń sùn, ó ń jẹun, ó ń ṣeré, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ní ó kàn ń rìn kiri tàbí ó dúró, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ aago tó lù sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lápá ọ̀tún géèmù náà máa ń kìlọ̀ fún yín tẹ́nì kan ò bá níṣẹ́, ẹ tẹ ìkìlọ̀ yẹn, á gbé yín lọ síbi tẹ́ni náà wà.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà: wọ́n á rí ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí koríko tó ń wo ojú sánmà, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Fàájì ló ń ṣe, ọ̀pá eré ẹ̀, ìyẹn ìlà tó ń fi hàn bó ṣe gbádùn eré tó, ń kún. Lóko ní Kétu, tóòrùn bá kan àtàrí, tí bàbá bá lọ jókòó sábẹ́ igi, ta ló máa sọ pé bàbá ò ṣiṣẹ́?

Ìṣìnà kejì burú jùyẹn lọ: ẹ gbé wọn dìde sógun, ogun parí, ẹ gbàgbé láti tú wọn sílẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ gbé dìde sógun ò ní lọ jẹun fúnra ẹ̀, kò ní lọ sùn, á kàn dúró gbagidi síbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ó lè pẹ́ kí géèmù tó tú wọn fúnra ẹ̀. Èmi ti pàdánù odindi òwúrọ̀ kan báyìí, mò ń bú wọn, wọ́n ń dúró dè mí. Lẹ́tà R lẹ máa tẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti lè sọ nípa gbogbo wọn, láìtún tẹ̀ wọ́n, pé "tibí ń sinmi, tọ̀hún ò ríṣẹ́", ẹ bọ́ sí ìpele 2.

2. Ètò wákàtí

Àpótí 24 ló wà nínú Schedule fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oríṣi 4 lẹ lè fi kùn ún, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń ṣe gan-an, ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ò ti fara balẹ̀:

Anything ni pé kó máa ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ọ̀pá oorun bá wá sísàlẹ̀ 30% á lọ sùn, tí eré náà bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ á lọ ṣeré. Òun lọgbọ́n jù nínú gbogbo wọn.

Work ni pé iṣẹ́, iṣẹ́, iṣẹ́. Á lọ jẹun tébi bá pa á, ìyẹn nìkan. Kò ní lọ ṣeré, kò ní fẹsẹ̀ ara ẹ̀ lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, títí oorun á fi gbé e ṣubú síbi tó bá wà. Ohun tó ṣe alásè àbúrò mi nìyẹn.

Recreation ni pé kó lọ ṣeré títí ọ̀pá eré fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Tó bá ti kún, á padà síbi iṣẹ́, kò ní jókòó lásán.

Sleep ni pé kó lọ sùn. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹni tí ọ̀pá oorun ẹ̀ ti ju 75% lọ ò ní lè sùn, iṣẹ́ ló máa lọ ṣe, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ rò pé géèmù ti bàjẹ́.

Ètò tá a fi fún wọn: aago 22 sí aago 6 àárọ̀, Sleep, àpótí 8. Bí géèmù ṣe máa ń tò ó fúnra ẹ̀ náà nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aago 20 sí 22, Recreation. Gbogbo ìyókù, Anything. Ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ fi Work sí i, kó fi àpótí 3 tàbí 4 sí i láàárọ̀ nígbà tí oorun ṣẹ̀ṣẹ̀ kún, kó má kọjá bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 8? Lórí bẹ́ẹ̀dì lásán, oorun wákàtí 8 máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀pá yẹn padà, wákàtí 16 tí wọ́n fi la ojú sì ń jẹ tó 60% àti díẹ̀. Èrè díẹ̀ ń kù nìyẹn, òun lẹ ń ná lọ́jọ́ tí ọ̀tá bá dé lóru. Ẹni tó ń sùn nílẹ̀, 80% èrè oorun ló ń rí gbà, kò jèrè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ pàdánù, àmọ́ tọ́jọ́ kan bá ti lè dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ti jẹ gbèsè nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní ẹni tó jẹ́ Night owl, ẹ yí tiẹ̀ padà pátápátá. Inú irú wọn máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá lajú lọ́sàn-án, ó sì máa ń dùn gan-an tí wọ́n bá lajú lóru. Ẹ jẹ́ kó sùn láti bí aago 10 títí di aago 18. Ẹ fi í ṣe olùṣèwádìí tàbí ẹni tó ń gbẹ́ òkúta, iṣẹ́ tí ò nílò ẹlẹ́gbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ kan lọ. Tí aago 6 bá lù, ẹ tẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ ṣí Needs, ibi tí àwọn ọ̀pá yẹn wà. Kò yẹ kí ọ̀pá oorun ẹnikẹ́ni kéré sí 70%. Ẹ tún wò ó láago 20, tẹ́nì kan bá ti wà nísàlẹ̀ 28%, ìyẹn ibi tínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ nítorí oorun, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ìpele tó kàn ló kàn án.

3. Ibi tí wọ́n ń sùn

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bẹ́ẹ̀dì kan fún ẹnì kan, yàrá kan fún ẹnì kan tápá yín bá ká a, ilẹ̀kùn sí i. Yàrá tó bá ní bẹ́ẹ̀dì tó pọ̀, báráàkì ni géèmù ń kà á sí, inú wọn kì í sì í dùn sí i bíi ti yàrá ara ẹni. Ẹ má sọ yàrá ẹnikẹ́ni di ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń sùn ń dà á láàmú, inú ẹ̀ á sì bàjẹ́ láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ibùsùn wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń jẹun: àbúrò mi kọ́ yàrá sí igun òkè, ilé ìdáná sí igun ìsàlẹ̀, àwọn èèyàn ẹ̀ fi ìrìn lásán jẹ wákàtí kan lójúmọ́. Mo bi í pé ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa wọ ṣémíjàn (ọ̀kadà) lọ síbi oúnjẹ ni.

Àyẹ̀wò: nínú Needs, ẹ fi máòsì sórí ohun tó wà nínú ọkàn wọn. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí i pé ó sùn nílẹ̀, ó sùn níta, òtútù mú un lójú oorun, tàbí wọ́n jí i, iṣẹ́ ò tíì parí níbí.

4. Eré

Ṣé ẹ rí ayò? Téèyàn bá ń ta ayò láràárọ̀ lálaalẹ́, tí kò ṣe nǹkan míì, á sú u. Bí géèmù yìí ṣe rí gan-an nìyẹn. Oríṣi eré kọ̀ọ̀kan ló ń sú wọn díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, tó bá ti sú wọn, wọ́n á ṣe é fún wákàtí 2 kí ọ̀pá má kún dáadáa, ẹ̀yin á sì máa sọ pé eré ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé ohun ìṣeré méjì lè jẹ́ oríṣi kan. Horseshoes àti tábìlì bílíádì, oríṣi kan náà ni, àwọn méjèèjì jẹ́ eré ọwọ́. Chess àti poker, oríṣi kan, eré ọpọlọ ni wọ́n. Mo rí ẹni tó kó owó lé bílíádì lórí nígbà tó ti ní horseshoes 2, èrè ibẹ̀ kéré. Ẹ kọ́kọ́ ní ọ̀kan nínú ti ọwọ́, ọ̀kan nínú ti ọpọlọ, kẹ́ ẹ tó ronú tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí wọ́n ń jókòó sí láti bára wọn sọ̀rọ̀, tábìlì ìjẹun tàbí iná níta, oríṣi kan nìyẹn fúnra ẹ̀, kò sì fẹ́ẹ̀ẹ́ ná yín ní nǹkan kan.

Àṣìṣe kékeré tó ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn: wọ́n kọ́ tábìlì chess, wọn ò fi àga sí i. Kò sẹ́ni tó máa ta á lórí ìdúró.

Ó ti ṣiṣẹ́ tó bá jẹ́ pé láago 22, ọ̀pá eré gbogbo wọn ti kọjá ìdajì dáadáa, tí kò sì sí ẹni tó fi eré sílẹ̀ fún oorun nígbà tí tiẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀.

5. Nọ́ńbà iṣẹ́

Ẹ lọ sí ojú ìwé Work (kì í ṣe Work inú Schedule), kẹ́ ẹ tan manual priorities lókè lápá òsì, kí àmì lásán di nọ́ńbà. 1 ló ṣáájú, 4 ló kẹ́yìn, àpótí tó ṣófo ni pé kò ní ṣe é láéláé.

Bí wọ́n ṣe ń kà á: gbogbo 1 kọ́kọ́, láti òsì sí ọ̀tún, tí kò bá sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́ wọ́n á bọ́ sí 2, láti òsì sí ọ̀tún. Nítorí náà ẹni tó fi 1 sí gbogbo iṣẹ́ ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹrù gbígbé àti ilẹ̀ gbígbá wà lápá ọ̀tún, wọn ò ní kan ibẹ̀ láé, ẹ̀gbin á bo ilé, àgbàdo á sì jẹrà sóko.

Ẹnì kan, iṣẹ́ kan tàbí méjì ní 1 tàbí 2. Lẹ́yìn náà, ẹrù gbígbé àti ilẹ̀ gbígbá ní 4 fún gbogbo wọn, kò sí àgbà kò sí èwe. Iṣẹ́ ìgbà tọ́wọ́ bá dilẹ̀ nìyẹn. Iná pípa àti lílọ dùbúlẹ̀ nígbà àìsàn, 1, ẹ má bá mi jiyàn.

Àwọn kan wà tí àpótí wọn ò ní gba nọ́ńbà, ìtàn ìgbésí ayé wọn ló dè wọ́n: ẹlòmíì ò lè gbé ẹrù láéláé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rìn gbéregbère, ẹ wá iṣẹ́ ìjókòó fún un. Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ ẹni tó ní ìwà Slothful o. Ìyẹn ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń fi 35% lọ́ra ju ẹlòmíì ni.

Ẹ fi ìka ka òpó kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀: oúnjẹ, oko, ìwòsàn, ilé kíkọ́, gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ẹni 2 tó lè ṣe é.

6. Ilẹ̀kùn tó tì

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ètò wákàtí bá dáa, tí nọ́ńbà dáa, tẹ́nì kan ṣì ń rìn gbéregbère, iṣẹ́ wà àmọ́ kò rọ́nà dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ ìlú náà, ní Kétu mọ̀ pé ẹnu-ọ̀nà kan péré ti tó láti dá odindi ìlú dúró. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe tò wọ́n, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ló ṣáájú.

Ẹ wo àmì X pupa. Ohun tí ọ̀tá tó kú jù sílẹ̀, ohun tó já bọ́ láti ojú sánmà, géèmù ti fòfin dè wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Irin tí àbúrò mi ń sunkún ẹ̀ wà nínú koríko, gbogbo ẹ̀ ló ní X lórí, ó sì ń kọjá lórí ẹ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́, X lọ, àwọn ọ̀lẹ 2 sá lọ gbé e kíá. Àbúrò mi kàn ní "háà".

Lẹ́yìn náà, ààyè tẹ́ ẹ yà fún wọn. Nínú Schedule yẹn kan náà, ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ti dín ìrìn wọn kù. Lọ́jọ́ ogun èèyàn máa ń tì wọ́n mọ́lé, ogun á parí, á gbàgbé. Ilẹ̀ gbígbá ńkọ́? Inú Home area, ibi tẹ́ ẹ sàmì sí pé ó jẹ́ ilé, nìkan ni wọ́n ti ń gbálẹ̀, tẹ́ ẹ bá kọ́ yàrá tuntun tí kò sí nínú ẹ̀, ìdọ̀tí ibẹ̀ ò kàn wọ́n.

Ẹ wo ibi ìkẹ́rùsí. Tó bá kún, tàbí ẹ ò gba irú ẹrù yẹn láàyè níbẹ̀, ẹni tó ń gbẹ́rù ò níbi tó máa gbé e sí, á wá dúró.

Ẹ ṣí Bills, ìwé ohun tẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe, lórí tábìlì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ ní kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n sì ti ṣe é tán? Ṣé ẹ dá a dúró fúnra yín? Ṣé ìmọ̀ alásè yín tó o? Oúnjẹ lásán, ẹnikẹ́ni lè sè é, àmọ́ fine meal, ìyẹn oúnjẹ tó dáa jùyẹn lọ, ń bèèrè ìmọ̀ 6 nínú Cooking (oúnjẹ sísè). Tí alásè yín bá wà ní 4, tó jẹ́ fine meal nìkan lẹ kọ síbẹ̀, ẹran á wà, iná á wà, òun náà á wà, ebi á pa yín. Olùṣèwádìí náà, tẹ́ ẹ ò bá yan ohun tó máa wádìí, kò ní wádìí nǹkan kan.

Oko ìgbà òtútù ò ní ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ lè ṣí. Ẹ fún àgbẹ̀ níṣẹ́ míì.

Àyẹ̀wò ibí rọrùn: ẹ tẹ ẹni tí kò níṣẹ́, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀tún máòsì lórí iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe. Tí kò bá lè ṣe é, géèmù á sábà kọ ìdí ẹ̀ síbẹ̀ fún yín. Tó bá ní òun á ṣe é, tí kò sì ṣe é fúnra ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìpele 5 lẹ máa padà sí.

7. Iṣẹ́ tí kì í tán

Nígbà tí gbogbo ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ fún ọwọ́ tó dilẹ̀ ní nǹkan. Òkúta gbígbẹ́ ni mo fẹ́ràn jù, òkúta ńlá kan ń di búlọ́ọ̀kù 20, tí ilẹ̀ yín bá sì lókè bíi ti Ṣábẹ, òkúta ò ní wọ́n yín. Ẹ fi nọ́ńbà 4 sí i, kẹ́ ẹ kọ Bill yẹn pé kí wọ́n ṣe é títí á fi pé iye báyìí, ẹ má kọ pé títí láé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ búlọ́ọ̀kù á kún gbogbo ibi ìkẹ́rùsí, ẹ ti tún ti ilẹ̀kùn míì nìyẹn. Ìwádìí náà dáa.

Ẹ má fẹ́ pa àìríṣẹ́ run pátápátá o. Ẹni tí kò níṣẹ́ á lọ ṣeré fúnra ẹ̀. Tó bá jẹ́ wákàtí kan lójúmọ́, kò sóhun tó burú, ó tún wúlò tí iná bá sọ lójijì. Àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo ọ̀sán, eré á ti sú u kó tó di aago 20, àpótí 2 tẹ́ ẹ yà sọ́tọ̀ ò ní ṣe nǹkan kan fún un, inú ẹ̀ á máa wálẹ̀. Inú tó bá wà nísàlẹ̀ 35% ti wọ ibi tí wọ́n ti lè ya kúrò lọ́nà nígbàkígbà.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn: ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 2 kọjá láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ dá géèmù dúró láago 10, aago 15 àti aago 21, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́nì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tẹ́ ẹ kọ ní ìpele 1. Ti àbúrò mi, nínú èèyàn 6, ẹnì kan péré lá a rí tí kò níṣẹ́ láago 15, èyí tí kò lè gbẹ́rù yẹn ni. A gbé e lọ sídìí òkúta.